Ta Ló Lè Já Lu Ta?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ driver fún Linux l'Abẹ́òkúta níbí, ẹ̀yin ará FUNAAB àti ẹ̀yin ti MAPOLY l'Òjéèré, ẹ rọra. Bí ẹ̀rọ bá ti dákú báyìí, spinlock lẹ máa ń sáré lọ fi kún iṣẹ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí apá méjì nínú driver jọ ń fọwọ́ kàn, kí ẹ wá béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló lè já lu ta?

Ẹyọ kan ni ojú irin àtijọ́ tó gba Láfẹ́ńwá kọjá lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1901. Lójú irin bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí kò bá gba àmì àṣẹ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Á dúró kí ti iwájú kọjá. Iṣẹ́ spinlock náà nìyẹn. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń dúró kì í dí èyí tó wà lọ́nà lọ́wọ́. Ti CPU kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ tó ń fi páákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ bá di lock mú, tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi interrupt já lu ú lórí CPU kan náà, tí handler tó ń dá interrupt náà lóhùn sì ń fẹ́ lock yẹn, handler á dúró títí láé, torí ẹni tó dì í mú kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láti tú u sílẹ̀. Ẹ lo spin_lock_irqsave. Á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ interrupt lórí CPU yẹn. Bó bá jẹ́ NAPI poll nìkan lẹ jọ ń pín lock náà, spin_lock_bh ti tó.

Ẹ má sùn nínú handler: kò sí mutex níbẹ̀, kò sí GFP_KERNEL.

Printk tí ẹ fi ń wá àṣìṣe yẹn, ẹ ṣọ́ ọ. Ó ń yí àkókò padà, àìsàn á fara pamọ́, ẹ ó sì ní ó ti lọ. Dípò rẹ̀, ẹ tan lockdep tí Ingo Molnar kọ, tó wọ Linux 2.6.18 ní 2006. CONFIG_PROVE_LOCKING lẹ máa yàn. Kì í dúró de jàǹbá. Tó bá rí lock tí wọ́n gbà nínú interrupt, tí wọ́n tún gbà níbòmíràn nígbà tí interrupt ṣí sílẹ̀, á kígbe. Ẹ ka igbe náà délẹ̀, ẹ̀yin tí ìlà àkọ́kọ́ máa ń tó!

Bí ẹ̀rọ méjì bá ń pín ìlà interrupt kan, ẹ wo register káàdì yín kí ẹ tó dáhùn. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ dá IRQ_NONE padà. Bí 99,900 nínú 100,000 interrupt kò bá rí ẹni dáhùn, kernel á kọ “nobody cared”, á sì pa ìlà náà. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo /proc/interrupts: bí iye káàdì yín kò bá gòkè nígbà tí ping ń lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nídìí lock.