"Fún" àti "Fi Lé Lọ́wọ́": Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ọmọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí èrò ń rọ́ gììrì wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Mile 3, ní Diobu, ní ìlú Port Harcourt, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ń ṣàlàyé fún àgbàlagbà obìnrin kan pé, "Màmá, ẹ má bínú, láti ọjọ́ tí a ti kọ ara wa sílẹ̀, oṣooṣù ni mo ń fún ìyá àwọn ọmọ mi lówó." Ìyá náà, abiyamọ ọlọ́jàá gbọọrọ, wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o fún un ni, àbí o fi lé e lọ́wọ́?"

Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ibi tí ìyá náà tọ́ka sí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí a bá fún ní nǹkan ti di olówó nǹkan náà, bí ó bá wù ú kí ó tà á, bí ó bá wù ú kí ó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi nǹkan lé lọ́wọ́, olùṣọ́ ni, a ó sì bi í léèrè lọ́jọ́ iwájú.

Gbogbo ẹ̀yà tí ń ná ọjà Mile 3 ni ó mọ "chop money", ọ̀rọ̀ yìí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé "owó oúnjẹ" kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa níbẹ̀. N kò bá owó oúnjẹ jà, jíjẹ ni ti rẹ̀. Ohun tí ń dùn mí ni pé a ń fi orúkọ kan náà pe owó tí a yà sọ́tọ̀ kí ọmọ lè lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà "jẹ" gbòòrò nínú èdè wa: a ń jẹ ogún, a ń jẹ gbèsè, a sì ń jẹ owó olówó. Àwọn àgbà ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ọmọ tí a torí rẹ̀ gba owó, tí ẹlòmíràn sì jẹ ẹ́ tán, irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ.

Àwọn kan ń wí pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún irú ìfipamọ́ báyìí, wọ́n sì gbàgbé dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin tí ń jókòó sí àyè baba, tí ilé ń bẹ níkàáwọ́ rẹ̀, tí kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé lórí ilé tí Olóyè Mábínúorí, tí ó kú ní Èkó ní 1874, fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ìwé ìdájọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970, tí ó wà fún àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, náà fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ pé kí a san owó ìtọ́jú ọmọ sọ́wọ́ ẹni tí òun bá yàn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe alágbàtọ́, nítorí ọmọ ni alágbàtọ́ ń tọ́, alágbàpamọ́ ni. Ẹ má sì ṣe pe owó náà ní ìdógò, gbèsè ni ìdógò ń dúró fún.

Bí ọmọ bá wá dàgbà, a kì í "fún" un ní owó náà, ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ńṣe ni a ń fà á lé e lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè pé, "Màmá, kí ni kí n máa wí?"

Ìyá náà ní, "Máa wí pé owó àwọn ọmọ mi wà lọ́wọ́ ìyá wọn."