Bí Gíà Bá Ń Yọ̀, Ẹ Dúró

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wa ọkọ̀ láti Kambolé gba Tchamba lọ sí Sokodé, ohun kan ń dùn mí. Ẹ̀ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ kò sáré, ẹ sì tún ń tẹná mọ́ ọn pé yóò gbé yín délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Bí ọkọ̀ náà bá ní kílọ́ọ̀ṣì, tí òórùn ìjóná sì ń jáde, kílọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ. Ẹsẹ̀ tí ẹ ń gbé lé pẹ́dà rẹ̀ láìyí gíà wà lára ohun tó ń jẹ ẹ́.

Bó bá jẹ́ òtòmátíìkì, tí ẹ fi gíà sí D tó ń lọ́ra kó tó gbéra, ẹ yẹ ọ́ìlì gíà wò. Ẹ kán díẹ̀ sórí aṣọ funfun. Tuntun rẹ̀ sábà máa ń pupa. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, mẹkáníìkì ló kàn. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì rọ́pò rẹ̀ láé! Irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà sọ ni kí ẹ rà.

Ẹ má sì fi okùn wọ́ òtòmátíìkì dé Sokodé. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì kì í káàkiri inú gíà mọ́, irin á máa ha irin. Ẹ gbé e sórí ọkọ̀ ẹrù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá lọ sí Kara, gíà kékeré ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀ òkè Alédjo. Ẹ má yọ gíà nítorí àtidín epo bẹntiróòlù kù.