Omi Ewé Tíì fún Ọkàn Tó Rẹ̀

Ọmọ mi, láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún ọ pé àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ló ń bá ọ fínra, oúnjẹ ò wù ọ́ jẹ mọ́, o ń sá fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò, bí a bá sì béèrè àlàáfíà rẹ, wàá ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àárẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ènìyàn máa ṣọ́ oúnjẹ, máa ṣọ́ oògùn, máa gún ìka lójoojúmọ́, ó tó ohun tí í súni. Àwọn oníṣègùn náà mọ̀ ọ́n: láti 1995 ni William Polonsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti gbé ìwé ìbéèrè jáde tí wọ́n fi ń wọn ìnira ọkàn aláàtọ̀gbẹ. Bí ọkàn bá dàrú, ẹ̀dọ̀ a máa tú ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà orí ẹ̀rọ a gòkè, ìbànújẹ́ a sì gorí ìbànújẹ́.

Nítorí ọkàn tó rẹ̀ yìí, wá ewé tíì tútù, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní koríko ọba. Fọ̀ ọ́, ká a, kó o sínú omi tó ń hó, dé e, sọ ọ́ kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ á gba gbogbo ilé. Má fi ṣúgà sí i, má fi oyin sí i, nítorí ṣúgà loyin náà, ohun yòówù kí ará ọjà wí. Ewé yìí kò ní ohun tó wà nínú kọfí tí í lé oorun lọ, nítorí náà mu ún ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tí o lè sọ òótọ́ fún jókòó tì ọ́. Lójú tèmi, ìjókòó yẹn gan-an ló ju ewé lọ.

Ẹni tó bá ní ewé yìí ń wo àtọ̀gbẹ, owó rẹ ló ń wá. Metformin tí wọ́n kọ fún ọ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó: bí o bá ń lo glibenclamide tàbí insulin, má kàn máa mu omi ewúro lé e, torí ewúro lè fa ṣúgà wálẹ̀. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 70 mg/dL lórí ẹ̀rọ, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ọ́, àyà á máa lù kìkì, ìwọ á sì rò pé ìbẹ̀rù ló dé. Nígbà bẹ́ẹ̀, tíì kọ́ ló kàn. Yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí o tètè mu nǹkan dídùn.

Bí ìbànújẹ́ bá sì gba ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tí ohunkóhun ò mú inú rẹ dùn mọ́, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ewé. Lọ sí ilé ìwòsàn. Dárúkọ ewé tí ò ń mu fún nọ́ọ̀sì, kí o sì sọ bí ọkàn rẹ ṣe rí, kó tó bi ọ́.