Olè Jíjà àti Ohun Àjígbé Nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà: Àbá Lórí Ọ̀rọ̀ Ìperí

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa olè jíjà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú irúfẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà kan. Nínú eré bẹ́ẹ̀, òṣeré a máa gbé ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, a sì máa rìn káàkiri nínú ayé àròsọ tí ó kún fún idán, iwin àti ẹranko abàmì. Mẹ́ta ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ: Morrowind tí ó jáde ní 2002, Oblivion tí ó jáde ní 2006, àti Skyrim tí ó jáde ní 2011. Ilé-iṣẹ́ Bethesda ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tamriel ni orúkọ ilẹ̀ àròsọ tí ìtàn wọn ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan ọ̀rọ̀ ìperí nínú eré. Ìdáhùn wa ni pé olè jíjà nínú eré wọ̀nyí kì í ṣe ìtàn lásán. Òfin ni, tí a kọ sínú ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ lé láìyẹsẹ̀. Bí atúmọ̀ èdè bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn olè, túmọ̀ gbogbo rẹ̀, òṣeré kò ní mọ ìdí tí oníṣòwò fi kọ ọjà rẹ̀, tàbí ìdí tí ẹ̀ṣọ́ fi ń lé e ní agbègbè kan tí wọn kò sì lé e ní òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ yóò sì pàdánù ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ níbẹ̀, èyí tí í ṣe pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà wo ọ̀ràn náà: ohun tí a jí, ojú tí ó rí i, àti gbèsè tí ó ti ibẹ̀ wá. A óò fi hàn pé èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Iṣẹ́ wa kò ju kí á yàn wọ́n bí ó ti yẹ lọ.

2. Ohun olóhun àti ààlè

Kí a tó jí nǹkan, nǹkan náà ti gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Nínú Skyrim, ẹ̀rọ a máa kọ orúkọ olóhun mọ́ abọ́, idà tàbí ìwé tí ó wà nínú ilé onílé. Àwọn tí ó wà nínú ihò àpáta tàbí ilé ahoro kì í sábà ní olóhun. Ohun olóhun ni Yorùbá ń pe irú ti àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn.

Bí òṣeré bá kọjú sí ohun olóhun, ọ̀rọ̀ tí ó hàn lójú ẹ̀rọ a máa yí padà: dípò Mú, yóò di Jí, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì pupa. Ìkìlọ̀ ni èyí, ó sì wá ṣáájú ìwà náà. Àwọn àgbà wa ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó igi ìdáná tàbí ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, a máa fi àkísà, kùùkù àgbàdo tàbí ògbólógbòó bàtà ṣe àmì sí i lára, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án lè mọ̀ pé ó ní olóhun àti pé ìyà wà nídìí rẹ̀. Ààlè ni à ń pe àmì náà. A dábàá pé kí a máa lo ààlè fún àwọ̀ pupa tí ẹ̀rọ fi ń kìlọ̀. Ìyàtọ̀ kan wà, nítorí olóhun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ààlè ti ìbílẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀rọ ni ó sì ń fi ti inú eré síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.

3. Jí àti jalè

Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì yìí kò ṣe é fi rọ́pò ara wọn. Jí a máa gba àbọ̀: Ó jí idà. Jalè kò lè gba àbọ̀ mìíràn, nítorí pé àbọ̀ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ja + olè. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Ó jalè idà. Nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ ohun náà ni ó ń tẹ̀ lé àṣẹ tí ó hàn lójú ẹ̀rọ, Jí nìkan ni ó bá ibẹ̀ mu. Kí a fi jalè sílẹ̀ fún ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà náà lápapọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, èdè wa mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà jalè, eré náà sì mọ̀ ọ́n. Skyrim ya yíyọ nǹkan lápò ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára ṣíṣí àgádágodo láìní kọ́kọ́rọ́, ó sì ya àwọn méjèèjì kúrò lára yíyọ́ rìn. Ọgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n, òṣeré sì ń kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àfọwọ́rá ni a yàn fún ti àkọ́kọ́. Bí òṣeré ti wù kí ó mọ àfọwọ́rá tó, ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ìrètí rẹ̀ ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Kólékólé yẹ ẹni tí ó ń ṣí ilé onílé wọ̀. Kí atúmọ̀ èdè má ṣe lo adigunjalè fún èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí, nítorí ẹni tí ó fi ohun ìjà gba nǹkan ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

4. Ohun àjígbé

Kí ni a óò pe nǹkan náà lẹ́yìn tí a ti jí i? Àbá mẹ́ta ni ó wà níwájú wa. Ẹrù olè ni ará ọjà sábà máa ń sọ, ṣùgbọ́n ó lè túmọ̀ sí ẹrù tí olè fi owó ara rẹ̀ rà. Ohun jíjí bá àpẹẹrẹ iṣu sísun àti ẹran dídín mu, ṣùgbọ́n jí tí í ṣe ti ojú oorun kò yàtọ̀ sí i ní ìró. Ohun àjígbé ni a fara mọ́. A ṣẹ̀dá àjígbé bí a ti ṣẹ̀dá àgbàtọ́ nínú ọmọ àgbàtọ́ àti àjẹkù nínú oúnjẹ àjẹkù: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe méjì. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ti mú kí etí máa gbọ́ ènìyàn nínú jígbé, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ ti mú àṣìgbọ́ náà kúrò.

Ibi tí ẹ̀rọ ń fi ìmọ̀ nípa olè náà pamọ́ sí kò rí bákan náà nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú Morrowind, ọ̀dọ̀ olóhun ni ó wà. Bí òṣeré bá jí dáyámọ́ńdì lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó lè tà á fún ẹlòmíràn láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e wá fún ẹni tí ó jí i lọ́wọ́ rẹ̀, olóhun yóò dá a mọ̀, yóò gbà á, yóò sì fẹ̀sùn olè kàn án. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ẹ̀wẹ̀, irú ohun tí a jí ni ẹ̀rọ ń rántí, kì í ṣe ohun náà gan-an. Dáyámọ́ńdì mìíràn tí òṣeré fi owó ara rẹ̀ rà yóò di ohun àjígbé lójú oníṣòwò yẹn.

Láti Oblivion lọ, ara ohun náà ni àmì wà. Oblivion fi àwòrán ọwọ́ pupa sí i. Skyrim kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé a jí i ni. Ibikíbi tí òṣeré bá gbé e dé, oníṣòwò lásán kò ní rà á. Olè tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Nínú eré yìí ó lè fọn ọ́n níbikíbi, nítorí kò sí ẹni tí yóò dá a dúró bí ó bá fi idà àjígbé jà. Títà ni kò ṣe é tà. Owó wúrà nìkan ni kì í gba àmì, nítorí ó ń dà pọ̀ mọ́ owó tí òṣeré ti ní. Àmì àjígbé ni kí á pe èyí, kí a má baà ṣì í mú fún ààlè: ààlè ń kìlọ̀ kí a tó jí nǹkan, àmì àjígbé ń jẹ́rìí lẹ́yìn tí a ti jí i.

5. Ẹlẹ́rìí àti gbèsè ìtanràn

Àmì àjígbé kò nílò ẹlẹ́rìí. Bí kò tilẹ̀ sí ẹni kankan nítòsí, àmì náà yóò wà. Gbèsè ni ó nílò ojú tí ó rí i. Rírí níhìn-ín jẹ́ ìṣirò gan-an: ẹ̀rọ ń wò bóyá ohun kan dí ojú ẹni náà. Ní 2011 ni òkìkí kàn pé bí òṣeré Skyrim bá da agbọ̀n tàbí korobá bo oníṣòwò lórí, ó lè kó gbogbo ọjà rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Bí ẹlẹ́rìí bá wà, ẹ̀rọ yóò kọ iye owó kan sí òṣeré lọ́rùn. Nínú Skyrim, wíwọ ibi tí a kò gbani láyè jẹ́ wúrà 5, àfọwọ́rá 25, lílu ènìyàn 40, ìpànìyàn 1000. Àwọn kan lè fẹ́ pe èyí ní owó orí, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ̀rọ̀ nípa iye tí a fi lé orí ọ̀daràn. Kò lè rí bẹ́ẹ̀: owó orí ti jẹ́ ti ìjọba àti ti ìyàwó láti ìgbà pípẹ́. Gbèsè ìtanràn ni a dábàá, nítorí gbèsè ni nígbà tí a kò tíì san án, ó sì di owó ìtanràn nígbà tí a bá san án fún ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè tún mú kí ó rọrùn láti sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti jẹ ẹ́. Nínú Oblivion, gbogbo ìlú ni òṣeré ń jẹ ní gbèsè kan náà. Nínú Skyrim, agbègbè mẹ́sàn-án ni ó wà, ìkọ̀ọ̀kan sì ní ìwé gbèsè tirẹ̀.

Bí òṣeré bá san owó ìtanràn, ẹ̀ṣọ́ yóò gba àwọn ohun àjígbé lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀ràn yóò sì tán. Bí ó bá pa ẹlẹ́rìí tí ó kẹ́yìn, gbèsè yóò parẹ́, ṣùgbọ́n àmì àjígbé kò ní parẹ́. Àpẹẹrẹ yìí nìkan tó láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan kò lè dúró fún méjèèjì. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi lè lo eré yìí nínú kíláàsì: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wí pé òun kò jalè nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rí òun ti jẹ̀bi lójú ẹ̀rọ pàápàá. Skyrim tún lọ síwájú: olóhun lè gbà pé òun mọ ẹni tí ó jí i, kí ó sì fi owó rán àwọn jàgídíjàgan sí i, bí kò tilẹ̀ sí ẹlẹ́rìí.

6. Agbódegbà

Ẹni tí ó ń ra ohun àjígbé ni ó kù. Nínú Oblivion àti Skyrim, àwọn olùrà bẹ́ẹ̀ so mọ́ ẹgbẹ́ àwọn olè. Ongar wà ní ìlú Bruma nínú ti àkọ́kọ́, Tonilia wà ní ìlú Riften nínú èkejì. Bí òṣeré kò bá tíì wọ ẹgbẹ́, wọn kò ní bá a ná ọjà olè. Olè ni ó mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta.

Ọ̀rọ̀ wà fún irú ẹni yìí: agbódegbà, ẹni tí ó gbé òde tí ó ń gba ohun tí olè mú jáde. A lè ṣàtakò pé agbódegbà ìbílẹ̀ kì í fi dandan san owó, àti pé ẹ̀yìn ilé ni ó ń dúró sí, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, mímú ìtumọ̀ gbòòrò sàn ju ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun lọ nígbà tí kókó ìtumọ̀ kò bá yí padà. Kókó náà ni pé láìsí ẹni tí yóò gbà á, olè kò lérè. Ẹni gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà náà ka gbígba ohun àjígbé sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀. Nínú Skyrim, òṣeré tí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ bá dé 90 lè kọ́ ọgbọ́n kan tí yóò mú kí oníṣòwò tí òun ti fi owó kún òwò rẹ̀ máa ra ohun àjígbé lọ́wọ́ òun. Bí ẹni tí ó jẹ́ oníṣòwò lásán ṣe ń di agbódegbà nìyẹn.

7. Pípa àmì rẹ́

Ọ̀nà mìíràn wà. Bí òṣeré Skyrim bá fi ewé àjígbé po oògùn, tàbí tí ó fi irin àjígbé rọ idà, ohun tuntun náà kò ní àmì. Ẹ̀rọ kò tọpa olóhun kọjá ohun àkọ́kọ́. Pípa àmì rẹ́ ni kí á pè é, kì í ṣe ìwẹ̀nùmọ́, nítorí ìwẹ̀nùmọ́ ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò. Lójú Yorùbá, bí a bá gún iṣu oníṣu níyán, iyán náà kò di ti ẹni tí ó gún un. Ẹ̀rọ gbàgbé ni. Kò dá ẹnikẹ́ni láre.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí. Ohun olóhun: ohun tí a kọ orúkọ ẹlòmíràn mọ́. Ààlè: ìkìlọ̀ tí ó ń hàn kí a tó jí i. Jí: àṣẹ tí orúkọ ohun ń tẹ̀ lé. Àfọwọ́rá: yíyọ nǹkan lápò ẹni. Ohun àjígbé: ohun tí a ti jí. Àmì àjígbé: ohun tí ó ń fi í hàn bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí: ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Gbèsè ìtanràn: owó tí ẹ̀rọ kọ síni lọ́rùn. Agbódegbà: ẹni tí ó ń ra ohun àjígbé. Pípa àmì rẹ́: yíyí ohun àjígbé padà di ohun tí kò ní àmì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán wọn wò, kí ó fi wọ́n túmọ̀ ìlànà eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí òṣeré tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá ti lè sọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọjà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìperí ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Níbi tí kò bá ti lè sọ ọ́, kí a tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.