Ẹlẹ́bi Kì í Pẹ́ Lórí Ìkúnlẹ̀: Ìdáríjì Ẹ̀ṣẹ̀ nínú Ìjọ Àgùdà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹlẹ́bi tí ó bá mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà lórí àánú Ọlọ́run wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Nínú Ìyìn Rere Lúùkù orí 15, bàbá ọmọ onínàákúnàá ti sáré lọ pàdé ọmọ rẹ̀ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni àánú Ọlọ́run rí. Ìjọ gbà pé Ọlọ́run ni ó ń dárí jini, àti pé Jésù fi àṣẹ rẹ̀ lé àwọn àpọ́sítélì lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún fádà. Ní ọdún 1215, àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lateran, ní Róòmù, pàṣẹ pé kí onígbàgbọ́ tí ó ti gbọ́njú máa jẹ́wọ́, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún fádà láti tú àṣírí ẹni tí ó jẹ́wọ́. Ní ọdún 1551, àpéjọ ti Trent ka ohun mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ẹlẹ́ṣẹ̀: kí ó kábàámọ̀, kí ó jẹ́wọ́, kí ó sì ṣe àtúnṣe.

Ẹ̀kẹta yìí ni mo ti kọsẹ̀. Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ọdún kejì mi, mo fi ìwé kan ṣoṣo tí ó wà fún kọ́ọ̀sì kan pamọ́ sáàárín àwọn ìwé ìṣirò ní ilé ìkàwé, kí èmi nìkan lè máa rí i kà. Ọ̀rẹ́ mi wá a títí, kò rí i. Ó fìdí rẹmi. Èmi náà sì bá a kẹ́dùn!

Nígbà tí mo jẹ́wọ́, fádà dárí jì mí ní orúkọ Ọlọ́run, ó ní kí n dá ìwé náà padà sí àyè rẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́?" Mo mọ̀ pé òun kò lè sọ ọ́ láéláé. Ẹnu tèmi nìkan ni ó kù.

Bí a bá tú "ìrònúpìwàdà" palẹ̀, a ó rí "ro inú", a ó sì rí "pa ìwà dà". Mo ti ro inú; ìwà ni n kò tíì pa dà. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Dìde. Ọlọ́run lè ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi." N kò bá a jiyàn. Ó ń tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́wọ́ báyìí; àwa méjèèjì ni a jọ ń kà á.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òótọ́ ni òwe wa. Àánú Ọlọ́run kì í jẹ́ kí a pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dìde, ọ̀dọ̀ ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó yẹ kí ẹsẹ̀ wa kọ́kọ́ yà sí.