Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: OMI ÀJẸṢẸ́KÙ

Bí ọ̀dá bá dé, ta ni omi inú dáàmù yẹ kó kọ́kọ́ kàn: àgbẹ̀ ni àbí ará ìlú? Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà.

Láti 2015 títí dé 2017, òjò kò rọ̀ tó níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2018, 50 lítà omi péré ni wọ́n ní kí ẹnì kan máa lò lóòjọ́. Kò tó garawa mẹ́ta! Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ará ìlú ní omi mímu ló ṣáájú. Àgbẹ̀ ní bí igi èso bá kú, ebi á pa àwọn lébìrà àwọn.

Lóṣù yẹn náà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Groenland, níbi tí wọ́n ti ń gbin ápù, ṣí omi tó ṣẹ́kù nínú dáàmù tiwọn fún ìlú lọ́fẹ̀ẹ́: bílíọ̀nù 10 lítà. Òjò padà dé láàárín ọdún náà, ẹ̀rọ omi ìlú kò sì gbẹ.

Kí ni èyí kọ́ wa? Èkíní, ẹni tí kò tọ́jú kò lè rí fún ẹnìkejì. Èkejì, èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi tọrẹ, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n ti wà ní ẹgbẹ́ kí ọ̀dá tó dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó àpò ẹgbẹ́ wa rí. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìṣòro dé ká tó fẹnu kò sí iye tí a ó tọ́jú àti iye tí a ó yá ara wa. Alájẹṣẹ́kù ni wá: ká máa jẹ, kó máa ṣẹ́kù.