Ahọ́n Dúdú Kọ́ Ló Yẹ Ká Bẹ̀rù

Ìyá kan mu òògùn inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tí ọmọ rẹ̀ rà bọ̀ láti Amẹ́ríkà, Pepto-Bismol, omi aláwọ̀ píńkì tó ki bí ẹ̀kọ mímu. Ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ fọ ẹnu, ó yọ ahọ́n sí dígí: dúdú bí ìdí ìkòkò! Ó yàgbẹ́, ìyẹn náà dúdú. Ni wọ́n bá ń wá ẹni tó ṣe é.

Kò sẹ́ni tó ṣe é. Bismuth ló wà nínú òògùn yẹn. Irin ni, ó wúwo bí òjé, àmọ́ kò ní májèlé tó ti òjé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó dípò òjé nínú ọta ìbọn ọdẹ. Tó bá pàdé imí-ọjọ́ tó wà nínú itọ́ àti ìfun, ohun dúdú ni wọ́n jọ ń dà. Téèyàn bá ti ṣíwọ́ òògùn, kò ní pẹ́ lọ.

Lẹ́tà kéékèèké ara ìgò ni kí ẹ wò: subsalicylate. Ìbátan aspirin ni. Ẹni tí aspirin kì í bá lára mu, ẹni tó ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, aláboyún, ẹ má fi kan ẹnu láìbi dókítà. Ọmọdé ńkọ́? Èmi ò ní fún ọmọ mi. Bí chickenpox tàbí ọ̀fìnkìn líle bá ń ṣe ọmọ, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi í sílẹ̀, òògùn yìí lè fa àìsàn Reye, tó ń mú kí ọpọlọ wú, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, á máa lẹ̀ bí ọ̀dà, á sì máa rùn burúkú. Ẹni tó rí irú èyí, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kó má dá bismuth lẹ́bi. Ọsibítù ni kó sáré lọ.

Àmujù tún ńkọ́? Ní Faransé, láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn tó ń mu oríṣi bismuth mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí àìsàn ìfun ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn ò lè rìn dáadáa mọ́, ọpọlọ wọn dàrú. Àwọn kan kú. Ọ̀pọ̀ ló gbádùn nígbà tí wọ́n ṣíwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n kọ sára ìgò Pepto-Bismol. Bí ìgbẹ́ gbuuru ò bá dá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìgò náà dání lọ bá dókítà.